Imú Ọkọ̀ Wa: Bí A Ṣe Lè Pààrọ̀ Asẹ́ Afẹ́fẹ́ Inú Mọ́tò Fúnra Wa

Ọ̀rọ̀ ìlera tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù

A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá wa tó wà nídìí iná, tí òórùn ọbẹ̀ wọn ti ń pè wá láti ìgbà tí a ti wọlé. A kò ní í pẹ́ jù, kí ìrẹsì má baà tutù.

Nígbà tí akọ̀wé ní kí a wá sọ̀rọ̀ nípa ìlera, a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ń retí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí ti àtọ̀gbẹ. A ó tún padà sọ ìwọ̀nyẹn ní ọjọ́ mìíràn. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni a gbé wá lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ lè máa bi ara yín pé kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú iṣẹ́ mẹkáníìkì. Èémí ló kàn wá. Nínú iṣẹ́ tí à ń ṣe, bí wọ́n bá gbé aláìsàn dé, kí a tó bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀, ohun tí a kọ́kọ́ ń wò ni bóyá ó ń mí dáadáa. Bí èémí bá ti ní wàhálà, gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwa ọmọ Yorùbá ṣe ń gbé ìgbé ayé wa ní ìlú yìí. Àwọn kan nínú àwọn bàbá wa ń wa táksí fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́. Àwọn ìyá wa tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n sì ń jẹun ọ̀sán nínú ọkọ̀. Àwọn ọmọ wa ń jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ láàárọ̀ lọ sí iléèwé, wọ́n ń jókòó níbẹ̀ nírọ̀lẹ́ bọ̀ wálé. Sátidé dé, ó di kíláàsì Yorùbá àti òde ìyàwó. Ọjọ́ Jímọ̀ tàbí ọjọ́ Ìsinmi dé, ó di mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà mìíràn ní òdì kejì odò Thames. Ọkọ̀ ti di yàrá kan nínú ilé wa. À ń gbá yàrá yòókù lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú yàrá orí táyà yìí, ta ló ń bójú tó o?

Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé nígbà tí fèrèsé wà ní títì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí a bá ti ti fèrèsé ọkọ̀ pa, a ti ti ìdọ̀tí mọ́ ìta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ní ihò tí ó fi ń mí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ihò náà wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáípà ń sùn sí. Ibẹ̀ ni fáánù ti ń fa afẹ́fẹ́ òde wọlé. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ yóò mú un gbóná tàbí kí ó mú un tutù, kí ó tó fẹ́ ẹ sí wa lójú. Nígbà tí a bá wà nínú gó-sílóò, tí ọkọ̀ ẹrù dúró síwájú wa, èéfín tó ń tú jáde nídìí rẹ̀ kò jìnnà sí ihò yẹn rárá. Ìdí nìyí tí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ tí a ti pa fi lè burú ju ti ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Kí ló wà nínú afẹ́fẹ́ náà? Eruku wà níbẹ̀, èyí tó ń hó kúrò lára táyà àti lára bíréèkì. Èédú dúdú tó ń ti inú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì jáde wà níbẹ̀. Ní ọdún 2012, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé èéfín dísẹ́ẹ̀lì máa ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Eruku òdòdó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní pollen, tó ń mú ọ̀pọ̀ wa sín, tó sì ń mú ojú wa ṣomi láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn.

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Èyí tó tóbi nínú àwọn eruku yìí, irun imú wa àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ máa ń dá a dúró. Ṣùgbọ́n èyí tó kéré jù lọ, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní PM2.5, kéré tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé irun orí kan ṣoṣo nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú ìyẹn kì í dúró ní imú. Ó ń lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì lè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè má tètè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ní àsímà, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní ikọ́ fée, kò ní í pẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ẹ ó rántí ọmọbìnrin kékeré tó ń jẹ́ Ella Adoo-Kissi-Debrah. Ní Lewisham ló ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, nítòsí títì South Circular tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbà lójoojúmọ́. Àsímà líle ló ń bá a jà. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta, iye ìgbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30. Ó kú ní oṣù Kejì ọdún 2013. Ọmọ ọdún 9 ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, Philip Barlow, ẹni tí òfin yàn láti wádìí ikú náà, sọ ọ́ ní gbangba pé ìdọ̀tí inú afẹ́fẹ́ wà lára ohun tó fa ikú ọmọ náà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí tí wọ́n kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tó fa ikú rẹ̀.

A kò sọ pé asẹ́ mọ́tò ì bá gba ọmọ náà là. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Afẹ́fẹ́ àdúgbò ló ń mí símú tọ̀sán tòru, iṣẹ́ ìjọba sì ni láti tún afẹ́fẹ́ ìlú ṣe. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni òfin ULEZ dé gbogbo àgbègbè Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ wa ló kùn sí owó rẹ̀, a sì mọ ìdí. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá ń ṣe tirẹ̀, kò dí wa lọ́wọ́ láti ṣe tiwa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa àgbà la jókòó síwájú ọkọ̀, àwọn ọmọ ló jókòó sẹ́yìn.

Imú ọkọ̀ náà

Inú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí à ń wà lónìí ní asẹ́ kan tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, cabin filter ni kí ẹ bèèrè, àwọn mìíràn ń pè é ní pollen filter. Ẹ má ṣì í mú fún asẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ti ẹ́ńjìnnì ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún irin, èyí ń sẹ́ ẹ fún ènìyàn. Ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná náà ní in, nítorí ènìyàn ló ń jókòó nínú tòun pẹ̀lú.

Bébà tí wọ́n ká pọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí abẹ̀bẹ̀ ni asẹ́ náà. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èkínní funfun, eruku lásán ló ń mú. Èkejì dúdú díẹ̀, nítorí pé wọ́n fi èédú tí wọ́n ṣe lákànṣe sínú rẹ̀. Ìyẹn ń dín òórùn àti díẹ̀ nínú èéfín kù. Bí owó bá tó o, èyí tó ní èédú ló dára fún ẹni tó ń wakọ̀ láàárín ìlú.

Bí asẹ́ yìí bá ti kún, ó di imú tó dí. Fáánù yóò máa pariwo ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó ń jáde kò ní í tó nǹkan. Gíláàsì yóò máa ṣú, kò sì ní í tètè mọ́, èyí tó léwu fún ẹni tó ń wakọ̀ ní òwúrọ̀ òjò. Inú ọkọ̀ yóò máa rùn bí aṣọ tí a ká pọ̀ nígbà tí kò tíì gbẹ. Bí ẹ bá sì rí i pé àwọn ọmọ ń sín ní kété tí ẹ tan fáánù, ẹ lọ wo asẹ́.

Ìgbà wo ló yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀? Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ni ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, tàbí lẹ́yìn máìlì 10,000 sí 15,000, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Awakọ̀ táksí tó ń sáré láàárín ìlú lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dúró dìgbà tí ọdún bá yípo.

Bí ẹ bá bi wá ní oṣù tó dára jù, a ó ní oṣù Kẹrin ni. Eruku igi ti ń fò láti ìparí oṣù Kẹta, ṣùgbọ́n ti koríko, èyí tó ń yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu jù, máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù Karùn-ún títí wọ oṣù Keje. Ìgbà yẹn kì í ṣe eré. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 1994, ìjì àti àrá jà ní agbègbè Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí eruku koríko pọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Láàárín wákàtí 30, àwọn 640 ènìyàn tí èémí ń dà láàmú ló wá sí ẹ̀ka pàjáwìrì àwọn ọsibítù, èyí tó sún mọ́ ìlọ́po mẹ́wàá iye tí wọ́n ń retí. Ẹní bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Kí asẹ́ tuntun ti wà nínú ọkọ̀ kí koríko tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

Rírà á

Asẹ́ yìí sábà máa ń wà láàárín pọ́ùn 10 sí 25. Bí a bá ní kí gáréèjì bá wa pààrọ̀ rẹ̀, owó iṣẹ́ lè sọ ọ́ di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. A kò bá àwọn mẹkáníìkì jà, ọmọ wa ni púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n a ti rí ọkọ̀ kan tí wọ́n kọ ọ́ sí ìwé sáfíìsì rẹ̀ pé àwọn ti pààrọ̀ asẹ́. Nígbà tí a sì ṣí i, ewé gbígbẹ àti ìyẹ́ ẹyẹ ló kún ibẹ̀, asẹ́ náà sì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹni tó mọ ibi tí asẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ wà, wọn kò lè pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ fún un.

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà tó wà lára ọkọ̀ yín. Òun ni wọn yóò fi mọ èyí tó bá a mu. Ẹ má fi ojú díwọ̀n rà á. Asẹ́ tó kéré jù yóò fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, àyè yẹn sì ni eruku yóò gbà.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ẹni tó lè wé gèlè láàárọ̀ kí ó má mì títí di alẹ́, iṣẹ́ yìí kò lè ṣòro fún un. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ohun tí ẹ nílò ni asẹ́ tuntun, tọ́ọ̀ṣì, àkísà tí a fi omi rẹ díẹ̀, ọ̀rá ńlá kan, ìbòmú, àti bóyá sukudíráfà. Ẹni tó ní àsímà kò gbọ̀dọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò yọ asẹ́ àtijọ́. Kí ẹlòmíràn nínú ilé bá a ṣe é, kí àwọn ọmọdé sì jìnnà díẹ̀.

Èkínní, ẹ ṣí ìwé ọkọ̀ kí ẹ wo ibi tí asẹ́ wà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀yìn àpótí kékeré tó wà níwájú ẹni tó jókòó ti dẹ́rẹ́bà ni, èyí tí à ń pè ní pigeonhole nílé. Nínú àwọn mìíràn, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni, nítòsí gíláàsì iwájú. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà ni wọ́n tì í sí. Bí ìwé bá ní kí ẹ tú ẹsẹ̀ iná tàbí ohun ńlá mìíràn kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ fi ìyẹn lé mẹkáníìkì lọ́wọ́. Kì í ṣe ojo.

Èkejì, ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tó tẹ́jú. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ pa fáánù, kí ẹ sì yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa wọlé.

Ẹ̀kẹta, ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú pigeonhole jáde. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí ẹ bá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sínú, yóò já bọ́ wá sílẹ̀. Ọ̀pá kékeré kan lè wà ní ẹ̀gbẹ́ kan tó ń jẹ́ kí ó rọra ṣí. Ẹ yọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èyí tí a bá fi agbára mú ní í le koko, pàápàá ike tí òtútù ti mú gan. Ẹ kíyè sí èyí o: báàgì tó ń wú nígbà ìjàǹbá wà nítòsí ibẹ̀. Bí ẹ bá rí wáyà tó ní àwọ̀ òféèfèé tàbí ìdè rẹ̀ tó jẹ́ yẹ́lò, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má tú u.

Ẹ̀kẹrin, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹ ó rí ìdérí ike tó gùn, tó sì tín-ín-rín. Ẹ tẹ etí rẹ̀ kí ó ṣí. Kí ẹ tó fa asẹ́ jáde, ẹ wo ọfà tí wọ́n yà sí ara rẹ̀, kí ẹ sì rántí ibi tó kọjú sí. Bí fóònù yín bá wà nítòsí, ẹ ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ wọ ìbòmú. Ẹ rọra fa asẹ́ àtijọ́ jáde ní títẹ́jú, kí ewé àti eruku orí rẹ̀ má baà dà sínú ihò fáánù. Tààrà ni kí ó lọ sínú ọ̀rá. Ẹ má gbọ̀n ọ́n mọ́ ògiri, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ. Ohun tó ti ń kó jọ láti ọdún kan ni ẹ fẹ́ fẹ́ sí ara yín lójú yẹn. Ẹ má sì fọ̀ ọ́ kí ẹ dá a padà, àfi bí ìwé rẹ̀ bá sọ pé ó ṣeé fọ̀. Bébà ni, kì í ṣe ìró.

Ẹ̀kẹfà, ẹ fi àkísà tútù nu inú ilé asẹ́ náà. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń fa eruku, ìyẹn tún dára jù.

Èkeje, ẹ gbé asẹ́ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ kí ẹ fi wé ara wọn. Bí wọ́n bá dọ́gba, ẹ fi tuntun sí i. Bí wọ́n bá kọ AIR FLOW sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọfà, ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ ni ọfà náà ń tọ́ka sí. Bí wọ́n bá kọ UP, òkè ni ó ń tọ́ka sí. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ohun kan náà. Ó gbọ́dọ̀ wọlé láìsí pé a kán an. Lẹ́yìn náà, ẹ da ìdérí àti pigeonhole padà.

Ẹ̀kẹjọ, ẹ tan ọkọ̀, kí ẹ tan fáánù láti kékeré dé ńlá. Bí ẹ bá gbọ́ pé nǹkan ń ta gbọ̀ngbọ̀n, ewé ti bọ́ sínú fáánù, ẹ pa á kí ẹ tún wò ó. Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ ọjọ́ òní àti iye máìlì sí ẹ̀yìn ìwé ọkọ̀. Ìyẹn ni yóò rán yín létí ní ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín tó ti dàgbà díẹ̀ wò bí ẹ ti ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ bí a ti ń tẹ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n wọn kò tíì di sukudíráfà mú rí. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Ohun tí asẹ́ kò lè ṣe

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ sílé kí ó sọ pé nọ́ọ̀sì ní asẹ́ mọ́tò ń wo àsímà. Kì í ṣe oògùn. Ọmọ tí wọ́n fún ní ìnhélà tí yóò máa fà láàárọ̀ àti lálẹ́ gbọ́dọ̀ máa fà á, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dá. Èyí tó wà fún pàjáwìrì gbọ́dọ̀ bá a lọ síbi gbogbo, ṣùgbọ́n ẹ má fi í sílẹ̀ sínú ọkọ̀ nígbà oòrùn, nítorí ooru máa ń bà á jẹ́. Kí ìwé ètò tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kọ fún ọmọ náà wà níbi tí gbogbo ilé mọ̀. Bí ọmọ kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí nítorí èémí, bí ètè rẹ̀ bá ń yí àwọ̀ padà, tàbí bí ìnhélà kò bá ràn án lọ́wọ́, ẹ pe 999 lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de àdúrà kí ó parí. Ẹ máa gbàdúrà lọ nígbà tí áńbúláǹsì ń bọ̀.

Èkejì, asẹ́ kò lè dá carbon monoxide dúró, àní èyí tó ní èédú pàápàá. Gáàsì yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn. Ẹ má tan ọkọ̀ sínú gáréèjì tí a tì pa, kódà ní òwúrọ̀ òtútù. Bí yìnyín bá bo ìdí ọkọ̀, ẹ kó o kúrò níbi tí èéfín ń gbà jáde kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀, tí òòyì sì ń kọ́ wọn, ẹ pa á, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ wá ìtọ́jú.

Ẹ̀kẹta, bọ́tìnnì kan wà tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ máa yí po láìgba ti ìta wọlé. Àwòrán ọkọ̀ àti ọfà tó yípo ló wà lára rẹ̀. Ó dára nínú Blackwall Tunnel, ó dára lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń tú èéfín. Ṣùgbọ́n ẹ pa á lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Bí ènìyàn márùn-ún bá ń mí afẹ́fẹ́ kan náà fún ìgbà pípẹ́, gíláàsì yóò ṣú, oorun yóò sì máa kun dẹ́rẹ́bà.

Ẹ̀kẹrin, kò sí asẹ́ tó lè borí sìgá. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2015 ni òfin ilẹ̀ England ti ka mímu sìgá léèwọ̀ nínú ọkọ̀ tí a ti pa, bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 bá wà nínú rẹ̀. Bí òfin kò bá tilẹ̀ sí, ẹni tó fẹ́ràn ọmọ kò níí ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ máa pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí ẹ bá ń dúró de ọmọ lẹ́nu ọ̀nà iléèwé. Èéfín tí a tú sílẹ̀ níbẹ̀, ọmọ wa àti ọmọ ẹlòmíràn ni yóò mí i.

Ọ̀rọ̀ ilé

Àwọn kan nínú wa ń fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sílé. Ẹ jẹ́ kí a rántí ọyẹ́. Láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì tàbí Kẹta ni atẹ́gùn ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá, kò sì yọ Ìbàdàn tàbí Èkó sílẹ̀. Asẹ́ tó lo ọdún kan níbí lè má lo oṣù mélòó kan níbẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá tàbí bàbá, kí ó wo ilé asẹ́ rẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Kí ó fi tuntun sí i, kí ó sì fi méjì mìíràn sínú bùùtù pẹ̀lú. Ẹ̀bùn kékeré ni, ṣùgbọ́n èémí àwọn òbí wa ni.

Láti ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ náà ṣe iṣẹ́. Ní ìpàdé wa tó máa wáyé nínú oṣù Kẹrin, ẹni tó bá fẹ́ kí ó ra asẹ́ tó bá ọkọ̀ rẹ̀ mu dání wá, kí ó sì mú ìwé ọkọ̀ náà wá. A ó lo wákàtí kan níbi tí à ń gbé ọkọ̀ sí kí oúnjẹ tó délẹ̀, kí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n kọ́ ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n. Àwa kò níí gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ìyá wa tó ń dá gbé, àti àwọn àgbà tí ìka ọwọ́ ń dùn, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé, àwọn ọ̀dọ́ yóò bá yín ṣe é.

Ẹ̀mí kò ní ààrọ̀, ṣùgbọ́n asẹ́ ní. Ẹ má jẹ́ kí a fi èyí tí a lè rà pa èyí tí a kò lè rà lára. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí á máa mí mímí àlàáfíà, àwa àti àwọn ọmọ wa.